Mo Gun Kẹ̀kẹ́ Tẹ̀lé Omi Ẹ̀sìnmìrìn

Ìrémọ, nílé Ifẹ̀, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí omi Ẹ̀sìnmìrìn ń ṣàn lọ, n kò lè sọ. Mo mọ ìtàn rẹ̀ o. Ọmọ Ifẹ̀ wo ni kò mọ̀ ọ́n? Létí odò yẹn ni Mọrèmí ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ kó tó jẹ́ kí àwọn Ìgbò, ọ̀tá tó ń kógun ja Ifẹ̀ nígbà náà, mú òun lẹ́rú, Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló sì fi san án. Ṣùgbọ́n omi náà fúnra rẹ̀, fìrí ni mo máa ń rí i látorí ọ̀kadà. Kí n tó yíjú, a ti kọjá.

Nígbà tí mo wálé lóṣù Ṣẹẹrẹ, mo ní n ó tẹ̀ lé e. Kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá mi wà lẹ́yìnkùlé, eruku ti bò ó. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù fún irú ìrìn yìí, nítorí bí òjò bá ń rọ̀, ẹrẹ̀ ò ní jẹ́ kí táyà yí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ta epo sí ṣéènì, mo fún bíréèkì, mo sì gbé ìjókòó sókè títí ẹsẹ̀ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán nígbà tí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Bí ìjókòó bá relẹ̀ jù, orúnkún ni yóò jẹ̀yà rẹ̀ lórí àwọn òkè Ifẹ̀. Mo mú omi ìgò méjì, páǹpù, búrẹ́dì àti àkàrà.

"Ṣé mọ́tò ò ní gbá ọ báyìí?" ni ìyá mi wí.

"Ẹ má ṣèyọnu, màámi, ẹ̀bá odò ni mò ń gbà."

"Ẹ̀bá odò kẹ̀?" Ó gbàdúrà fún mi dáadáa kó tó yọ̀ǹda mi.

Láti Ẹnuwá mo dorí kọ Mòòrè. Nígbà tí mo rí omi náà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì dúró jẹ́ẹ́. Ère tí Ọ̀ọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì gbé kalẹ̀ fún Mọrèmí láàfin ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Odò tí Mọrèmí bá dá májẹ̀mú, lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, mo lè fò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí yanrìn. Níbì kan ó mọ́ gaara, níbòmíràn ọ̀rá píọ́wọ́tà ti dí i.

Kò sí ọ̀nà kan pàtó tó bá omi náà rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ bá wà, mo gùn ún. Níbi tí ògiri ilé bá ti dí i, mo padà sójú títì, mo sì béèrè afárá tó kàn lọ́wọ́ ẹni tí mo bá rí. Ilẹ̀ gan-an ń júwe ọ̀nà fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́: ibi tó o bá ti ń sáré láìtẹ pẹ́dà, ọ̀dọ̀ omi lò ń lọ.

Ibi tó wù mí jù ni àkùrọ̀. Lẹ́yìn àwọn ilé kan, ilẹ̀ tẹ́jú, ó dúdú, ó tutù, wọ́n sì ti kọ ebè ẹ̀fọ́ sí i: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀, ewédú. Ìyá àgbà kan ń fi kẹ́ẹ̀gì tó ti dá lu wẹ́wẹ́ lára bomi rin wọ́n. Ó ri kẹ́ẹ̀gì bọ odò, omi wọ̀ ọ́ gbulugbulu, ó gbé e sókè, ó rọra ń mì ín lórí ebè bí ẹni ń ku èlùbọ́, omi sì ń bọ́ tínrín-tínrín láìṣẹ́ ewé kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá."

"Oo, ọmọ mi. Kí lò ń wá kiri láàárọ̀ yìí?"

"Omi yìí ni mò ń tẹ̀ lé, mà. Mo fẹ́ rí ibi tó ń lọ."

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń dáko níbẹ̀. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n o. Bó o bá rí i, gba ibí padà, kó o wá sọ fún mi."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, létí odò, òkìtì ọ̀rá kan wà tó ga dé orúnkún mi. Ó ní bí òjò bá ti rọ̀, gọ́tà ìgboro ló ń kó o wá. Bí òun kò bá ṣa á kúrò, omi á kún bo ẹ̀fọ́. Ó dùn mí wọra. Odò tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ọmọ iléèwé, tí à ń torí ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ níbẹ̀ ṣọdún Ẹdì, ọwọ́ ìyá kan ṣoṣo ló ń la ọ̀nà fún un.

Kò pẹ́ tí mo kúrò níbẹ̀ tí táyà ẹ̀yìn rọ̀. Fọkanáísà kan lójú ọ̀nà Lágere ri túùbù sínú omi, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde hó pìtìpìtì: ẹ̀gún ni. Ó lẹ̀ ẹ́ kíá. Láti ibẹ̀ dé géètì yunifásítì, mọ́tò pọ̀. Ẹ fara mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ẹ má sáré.

Àfìgbà tí mo wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ara tó tù mí. Ọdún 1967 ni yunifásítì náà kó wá sí Ifẹ̀ láti Ìbàdàn, ọdún 1978 ni wọ́n sì dí odò Ọ̀pá kí wọ́n lè rí omi lò. Ẹ̀sìnmìrìn wà lára àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ Ọ̀pá. Ọyẹ́ bo adágún náà débi pé n kò rí òdìkejì rẹ̀. Lékeléke méjì dúró nínú koríko, apẹja kan ń tukọ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo jẹ àkàrà mi tán. Ọ̀rá píọ́wọ́tà kan léfòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mo fà á jáde, mo kì í bọ àpò.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó padà dé àkùrọ̀.

"Ọ̀pá ló ń lọ, mà."

"Ọ̀pá ti yunifásítì? Omi tí àwọn ọmọ yẹn ń mu?"

"Òun ni, mà."

Ó wo òkìtì ọ̀rá rẹ̀, ó wo odò. Ó ní kí n fi kẹ̀kẹ́ ti igi, kí n wá bá òun gbé e lọ sókè, níbi tí àgbàrá ò ti ní gbé e mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la fi àpò sìmẹ́ńtì kó o kó tó tán. Lẹ́yìn náà ló so ìdì ewédú méjì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, ó ní kí n kí ìyá mi nílé.