Bí Mo Ṣe Yẹ Ẹ̀kọ́ Ìwádìí Àwọn Dókítà Ọ̀dọ́ Wò Ní Ìkòròdú

Kí n tó dé Ìkòròdú ni wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mi. Àwọn dókítà ọ̀dọ́ tó gba ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń ṣe ìwádìí ìṣègùn kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dùn mọ́ àwọn, olùkọ́ mọ̀ ọ́n kọ́, ìrẹsì ọ̀sán pàápàá dára. Donald Kirkpatrick, ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ní 1959 lórí bí a ṣe ń yẹ ẹ̀kọ́ wò, pín àyẹ̀wò náà sí ìpele mẹ́rin: ṣé ó wù wọ́n, ṣé wọ́n kọ́ nǹkan, ṣé ìṣe wọn yí padà, kí ló sì tìdí ẹ̀ jáde. Ìpele àkọ́kọ́ nìkan ni fọ́ọ̀mù yẹn dáhùn. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìpele kejì ló gba agbára mi jù. Wọ́n ti ní kí kálukú fún ara rẹ̀ ní máàkì lórí bó ṣe mọ ìwádìí ṣe tó, láti 1 dé 10, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí. Máàkì àwọn kan wálẹ̀! Dókítà àgbà tó ṣètò rẹ̀ fajú ro: "Ṣé a wá kọ́ wọn di òpè ni?" Mo ní rárá, mà. Ẹni tó fún ara rẹ̀ ní 7 kò tíì gbọ́ rí pé ó yẹ kéèyàn ṣírò iye aláìsàn tí ìwádìí nílò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ ló mọ̀ pé 7 òun kò tó 3. Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè méjèèjì pa pọ̀: báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó báyìí, báwo lẹ sì ṣe mọ̀ ọ́n tó nígbà yẹn? Mo tún fún wọn ní ìwé ìwádìí tí mo ti fi àṣìṣe sínú rẹ̀, kí wọ́n wá a jáde. Máàkì téèyàn fún ara rẹ̀ nìkan kò tó mi.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo padà lọ wo ìpele kẹta, bóyá ìṣe wọn yí padà. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣèwádìí. Mo ní kí wọ́n fi ìwé ètò ìwádìí, ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ethics (àwọn tó ń rí i pé ìwádìí kò ní pa aláìsàn lára) àti dátà hàn mí. Àwọn tó ń wá fellowship, ìwé ẹ̀rí dókítà onímọ̀ àkànṣe, kò yà mí lẹ́nu, torí National Postgraduate Medical College tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí náà ti sọ dissertation, ìwé ìwádìí gígùn, di dandan fún wọn. Wọn ì bá kọ ọ́ náà, bí wọn ò tiẹ̀ gba ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tó fẹ́ràn ìwádìí ló sì ń forúkọ sílẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí náà mo fi wọ́n wé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tí àyè kò gbà. Ìdí ìwé àṣẹ ethics ni púpọ̀ nínú àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà dé tí wọ́n dúró. Wọ́n mọ ohun tó kàn. Iṣẹ́ call, ìyẹn dídúró de aláìsàn lóru àti lópin ọ̀sẹ̀, ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Mo kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ mi pé ẹ fún wọn ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ìwádìí, kẹ́ ẹ tó ronú ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ó ku àwọn tó ti japa. Olówó ètò fẹ́ kí n kà wọ́n mọ́ àdánù. Mo fún wọn ní òpó tiwọn lọ́tọ̀ nínú tábìlì èsì, torí ẹni tó ń ṣèwádìí lókè òkun kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkòròdú kọ́ ló ń jẹ èrè rẹ̀.