Físíò inú ilé lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: bí ẹ ó ṣe ṣe é, àti èjìká tí ẹ kò gbọdọ̀ fà

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ máa gbé aláìsàn yín lọ sílé, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sínú káàdì ni pé kí ẹ mú un padà wá fún físíò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ká ní ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n ń lò nígbà kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan àbọ̀ péré nìyẹn nínú wákàtí 168 tó wà nínú ọ̀sẹ̀. Ìlànà ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní Britain lọ́dún 2023 ní kí aláìsàn tí ara rẹ̀ bá gbà á máa rí ó kéré tán wákàtí 3 ìtọ́jú tó ń dá agbára ara padà lójúmọ́, ó kéré tán ọjọ́ 5 nínú 7. Ilé ni ẹ ó ti rí ìyókù.

Nínú àlàyé yìí, ẹ jẹ́ ká fi Màmá kan tí ẹ̀gbẹ́ òsì wọn rọ ṣe àpẹẹrẹ. Bó bá jẹ́ ọ̀tún ló rọ fún ẹni tiyín, ẹ kàn yí ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún.

Ibi tó bá ti kú nínú ọpọlọ kì í jí mọ́. Àwọn ibi tó kù ni físíò ń kọ́ ní iṣẹ́ èyí tó kú, bí ọmọ ṣe ń kọ́ ìrìn: àṣetúnṣe ni. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara máa ń tètè gbà á jù, àmọ́ ẹni tó ti lé lọ́dún kan pàápàá ṣì lè rí ìyàtọ̀ bó bá ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí fífi òróró ra ọwọ́ láràárọ̀ kò fi lè dá a ṣe. Ó lè tu Màmá lára, ṣùgbọ́n bí àwọn fúnra wọn kò bá gbìyànjú láti gbé ọwọ́ náà, ọpọlọ kò kọ́ nǹkan kan.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Kí Màmá kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní apá ọ̀tún, èyí tí kò rọ. Bí nọ́ńbà òkè bá ju 180 lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ ju 110, kò sí eré ìdárayá lọ́jọ́ yẹn. Dókítà ni kí ẹ pè. Bí òòyì bá kọ́ wọn, tí àyà ń dùn wọ́n, tàbí tí mímí wọn kò já gaara mọ́ láàárín iṣẹ́, ẹ dúró. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì ní ìsinmi, bó ti wù kí ara yá tó.

Èjìká òsì

Ibí yìí ni wọ́n ti ń ba aláìsàn jẹ́ jù nínú ilé, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló sì ń ṣe é. Oríkèé èjìká kò jìn. Ẹ wò ó bí ọsàn tí wọ́n gbé lé orí abọ́ pẹrẹsẹ: ẹran ara tó yí i ká ló dì í mú. Nígbà tí ẹran ara yẹn bá dẹ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, apá ń wúwo sílẹ̀, ó sì ń fa ọsàn yẹn kúrò lórí abọ́. Bí ẹ bá fi ìka tẹ ibi tí èjìká ti pàdé apá, ẹ lè bá kòtò kékeré kan níbẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó di ọwọ́ yẹn mú tó ní, "Màmá, ẹ dìde," tó sì fà á.

Èjìká tó bá ti ń dùn kì í jẹ́ kí ọwọ́ kọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ má fa ọwọ́ òsì láé. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abíyá láti gbé wọn sókè. Ẹ má so okùn mọ́ òkè kí ọwọ́ ọ̀tún máa fi fa ti òsì sókè bí ẹni ń fa omi nínú kànga. A mọ̀ pé ó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba èjìká jẹ́. Bí ẹ bá ń bá wọn gbé apá náà, ẹ má kọjá ọ̀gangan èjìká àyàfi tí onífísíò bá ti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń darí egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká pọ̀ mọ́ ọn.

Ibo wá ni kí ẹ dì mú? Ìbàdí. Ẹ mú ọ̀já ìpọnmọ tó nípọn, ẹ dì í mọ́ ìbàdí Màmá lé aṣọ lórí, kó há díẹ̀, kí ọwọ́ yín sì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn fún iṣẹ́ yìí kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí Màmá bá jókòó, kí apá òsì wà lórí ìrọ̀rí tàbí tábìlì, kó má rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Aṣọ tí wọ́n fi ń gbé apá kọ́ ọrùn, ìgbà tí wọ́n bá dúró tàbí tí wọ́n ń rìn ni kí ẹ fi sí i, nígbà tí apá bá ṣì dẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fi í sí láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbúnwọ́ rẹ̀ á ká, á sì gan síbẹ̀.

Omi gbígbóná àti ìpara tó ń ta ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra gidi. Ẹ̀gbẹ́ tó rọ lè máà mọ̀ bóyá nǹkan gbóná. Ó lè bó kí Màmá tó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi dán an wò.

Ìdùbúlẹ̀

Ẹni tí kò bá lè yí ara rẹ̀ padà, ẹ yí i ní wákàtí méjì-méjì, títí kan òru. Bí Màmá bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ẹ gbé ìrọ̀rí síwájú àyà wọn, kí apá òsì nà lé e lórí, kí òmíràn wà láàárín orúnkún méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ rọra ki ọwọ́ sẹ́yìn èjìká òsì, kí ẹ mú un wá síwájú díẹ̀ kí wọ́n má bàa sùn lé e mọ́lẹ̀. Ìfẹ̀yìnlélẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ jù.

Ní àárọ̀ àti alẹ́, ẹ wo ìdí, gìgísẹ̀, egungun ìbàdí àti ìgbúnwọ́. Ìwé ìtọ́jú máa ń ní kí ẹ wá ibi tó pọ́n. Lára dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn dáadáa. Ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbóná, tàbí tó le bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ni egbò ti ń bọ̀. Ẹ má fi ara lé ibẹ̀ mọ́ títí yóò fi padà bó ṣe wà.

Dídìde lórí àga

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ lè ṣe lójúmọ́, èyí ni kí ẹ mú. Ó ń fún itan àti ìdí lágbára, ó ń kọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, òun ló sì ń gbé ènìyàn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìpe ọmọ.

Àga onígi tó le, tí kò ní táyà, ni kí ẹ lò. Ẹ tì í mọ́ ògiri. Àga oníke fúyẹ́, ó sì máa ń yọ̀. Kí ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50. Bó bá ṣì ṣòro, ẹ fi fóòmù líle gbé e ga sí i. Ẹ gbé tábìlì tí kì í mì síwájú Màmá, kó máà sún mọ́ jù. Ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ á dúró ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ọwọ́ rẹ̀ lára ọ̀já.

Kí Màmá sún ìdí síwájú títí ìdajì itan á fi kúrò lórí àga. Kí wọ́n fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ wà bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lẹ́yìn ọ̀gangan orúnkún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n tẹ àyà síwájú títí imú á fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìdí á fúyẹ́ kúrò lórí àga; kí wọ́n wá nà dìde, kí wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta lórí ìdúró, kí wọ́n sì rọra jókòó. Jíjókòó yẹn náà jẹ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá kàn ṣubú lu àga ti pàdánù ìdajì rẹ̀.

Àṣìṣe tí ẹ ó rí ni pé Màmá á kó gbogbo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bí ìdajì àtẹ́lẹsẹ̀, kí ti òsì wà lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá ti rí báyìí, òsì ni yóò ru ẹrù, bó fẹ́ bó kọ̀. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n rọ̀ mọ́ ọrùn ẹni tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́: ẹ̀yìn yín á lọ, ẹsẹ̀ wọn kò sì ṣiṣẹ́ kankan. Ìkẹta, bí wọn kò bá lè dìde rárá, àyà tí wọn kò tẹ̀ síwájú tó ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe pé ẹsẹ̀ kò lágbára. Ẹ gbé nǹkan síwájú wọn lórí tábìlì kí wọ́n nawọ́ ọ̀tún sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi di 50 tàbí 60 lójúmọ́, ní wẹ́wẹ́. Màmá tó ń kírun lè so mẹ́wàá-mẹ́wàá mọ́ ìrun márààrún. Ẹlòmíràn lè so ó mọ́ oúnjẹ àti ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣọ̀n. Bó bá ti rọrùn, ẹ mú fóòmù kúrò.

Ìrìn

Kí wọ́n tó rìn, kí wọ́n lè dúró nídìí tábìlì, kí wọ́n sì lè gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì fún ìṣẹ́jú àáyá 10 nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń tẹ orí bíríkì kan tó wà nílẹ̀, tó sì tún ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú ọ̀pá. Kí Màmá wọ bàtà, kí apá rọ̀ sílẹ̀; orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé ibi tí ọrùn ọwọ́ ti ká. Ọ̀pá kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé e, ọ̀tún ló kẹ́yìn. Ẹ dúró ní òsì, lẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ gòkè. Bí ẹ bá ń sọ̀, òsì ló ń kọ́kọ́ sọ̀.

Sílípáàsì ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú. Bàtà tó dì mọ́ gìgísẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀. Bí iwájú ẹsẹ̀ bá ń wọ́ nílẹ̀, ike kan wà tí wọ́n ń fi sínú bàtà, tó ń gbá ọrùn ẹsẹ̀ mú. Onífísíò ló máa wọn ẹsẹ̀ fún un. Bí orúnkún òsì bá ń fò sẹ́yìn bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ dín ìrìn kù, kí ẹ padà sórí dídìde-jíjókòó, kí ẹ sì sọ fún onífísíò.

Ọwọ́

Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí gbogbo ilé máa ń rà kì í ṣe ohun tó kàn. Fífúnmọ́ kì í sábà ṣòro fún ọwọ́ tó rọ. Ṣíṣí ló ń ṣòro. Iṣẹ́ tó ń la ọwọ́ ni kí ẹ wá: fífi tówẹ́ẹ̀lì nu tábìlì síwájú nígbà 20, gbígbé ife òfìfo kí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn, ṣíṣí ìdérí ike. Ọpọ́n ayò dára púpọ̀: kí Màmá mú ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ ọ́ sínú ihò. Sísọ sílẹ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ náà.

Bí ọwọ́ bá ti ń gan, ẹ má já a ṣí. Fífà kíákíá ń mú kí ẹran ara tún fún sí i. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú kí ìka dẹ̀, ẹ ṣí àtàǹpàkò láti ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ na ìka, kí ẹ wá rọra gbé ọrùn ọwọ́ padà sókè. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30.

Ọ̀nà kan wà tí Edward Taub àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alabama, nílùú Birmingham ní Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀: wọ́n á fi ìbọ̀wọ́ di ọwọ́ tó dára kí èyí tó rọ lè ṣiṣẹ́. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2006, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ran ọwọ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ọwọ́ tí kò lè gbé ọrùn rẹ̀ sókè rárá, tí ìka rẹ̀ kò sì lè ṣí díẹ̀, kò tíì tó o ṣe. Ìjókòó nìkan ni kí ẹ ti dán an wò. Ọwọ́ tó ń mú ọ̀pá kò gbọdọ̀ wà nínú ìbọ̀wọ́.

Oúnjẹ, aṣọ, àti iṣẹ́ tí kì í ṣe iṣẹ́

Ìjókòó gbọnrangandan ni kí Màmá ti jẹun, kí wọ́n sì wà lórí ìjókòó fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wúkọ́ nígbà tí wọ́n bá mu omi, tàbí tí ohùn wọn ń dún bí ẹni tí omi há sí lọ́fun, ẹ dá a dúró kí ẹ sọ fún ilé ìwòsàn. Omi tó bá gba ẹ̀dọ̀fóró lọ ń pa ènìyàn.

Apá òsì ló ń kọ́kọ́ wọ bùbá. Òun ló ń gbẹ̀yìn bọ́. Bí Màmá bá ń jẹ ìdajì abọ́ ọ̀tún tí wọ́n ń fi ti òsì sílẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n yó: ọpọlọ kò ka òsì sí mọ́. Òsì ni kí ẹ máa jókòó sí láti bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì fi ìfẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bùbá tí wọ́n fi ìṣẹ́jú 15 wọ̀ fúnra wọn sàn ju èyí tí ẹ fi ìṣẹ́jú méjì wọ̀ fún wọn. Àárẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ fi ìsinmi sáàárín. Bí wọ́n bá ń sunkún ṣáá, tí wọn kò fẹ́ jẹun, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ìfúnpá àárọ̀ sí i, iye ìgbà tí wọ́n dìde, ibi tó dùn wọ́n. Ẹ mú un dání lọ sí físíò.

Bí ẹnu bá wọ́ lójijì, tí ọwọ́ kan já wálẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò jọ ara wọn mọ́, rọpárọsẹ̀ mìíràn lè ti dé nìyẹn; ẹ má fún wọn ní ohunkóhun mu. Ẹ wo aago. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ní àkókò rẹ̀, wákàtí 4 àbọ̀ sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì lè fún un láìkọ́kọ́ ya àwòrán ọpọlọ. Ilé ìwòsàn tó ní CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán yẹn, ni kí ẹ gbé wọn lọ tààrà. Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà á bi yín ni pé aago mélòó lẹ rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn ṣì dá.