Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ géètì kẹ́ ẹ tó ra bọ́ọ̀lù

Káfíńtà ni mí, Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí èmi àti àwọn mélòó kan ládùúgbò ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní bọ́ọ̀lù orí tábìlì (table tennis) lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ta ló ń gbówó kalẹ̀. Kò sẹ́ni kankan. Ohun tí kálukú ní nílé tẹ́lẹ̀ la dá jọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ ládùúgbò tiyín, bí mo ṣe máa ṣe é nìyí ká ní mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tá a fi mú tábìlì ni pé a ò ní pápá. Ilé ló fara ti ilé ní Ṣómólú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló sì wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tábìlì ò gbà ju iwájú kíláàsì kan lọ. Yàtọ̀ síyẹn, ọmọ Ṣómólú níbí ni Fúnkẹ́ Oshonaike, obìnrin tó gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì dé Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀meje, láti Atlanta lọ́dún 1996 dé Tokyo lọ́dún 2021. Mi ò kí ń fi ìyẹn tan àwọn ọmọ pé gbogbo wọn ló máa débẹ̀. Àwọn ìyá ni mo máa ń sọ ọ́ fún, torí ìyá tó bá gbọ́ pé obìnrin ni kì í tètè ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin ẹ̀ wálé.

Ọ̀gá iléèwé lẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹ má sì dá lọ. Èmi àti alága ẹgbẹ́ onílé la jọ lọ, a mú lẹ́tà dání. Kí lẹ́tà yẹn má gùn: ọjọ́ wo, láti aago mélòó sí aago mélòó, àgbàlagbà mélòó, ta ló máa ti géètì. Mo fi gbólóhùn kan kún tiwa pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré; ọ̀gá náà fa bírò sábẹ́ ẹ̀. Kò lè dá fọwọ́ sí i, ó ní láti gbé e dé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ fún wọn láyè. Tiwa gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Tí wọ́n bá ti gbà, ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ méjì. Níjọ́sí, ọwọ́ mẹ́gáàdì nìkan ni tiwa wà. Ọkùnrin náà lọ sìnkú nílé, kò sọ fún ẹnì kankan. Ọmọ méjìlélógún ló dúró nínú oòrùn lójú títì lọ́jọ́ yẹn, èmi sì ń wo tábìlì mi láti ihò géètì. Lọ́sẹ̀ kejì, mọ́kànlá ló padà wá.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà. Wọ́n máa ń ṣe lẹ́sìn lẹ́yìn iléèwé, òbí sì ń san nǹkan díẹ̀ fún un. Mi ò ro ìyẹn rárá. Aago méjì ààbọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, mo wá ń kó ọmọ kúrò nídìí oúnjẹ àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó bá mi jà o. Ṣùgbọ́n kíláàsì tí à ń lò ṣàdédé di ibi tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Nígbà tó yé mi, mo lọ bá wọn, mo tọrọ àforíjì, mo sì sún tiwa sí aago mẹ́rin. Ọmọ tí ò bá jókòó ní lẹ́sìn ò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí òbí ẹ̀ ò rówó lẹ́sìn san wá ńkọ́? Àwọn yẹn gan-an la torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo bá wọn tún bẹ́ńṣì mẹ́sàn-án ṣe láìgba kọ́bọ̀, àwọn náà gbà kí ọmọ mẹ́fà máa jókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àga tó kán yẹn náà ni o.

Ẹ má pe àwọn ìyá sípàdé. Ẹ lọ bá wọn nídìí igbá, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ kí Ìyálọ́jà. Ìyá aláta kan bi mí pé, “Bàbá káfíńtà, tọ́mọ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ta ló máa bá mi gbé ata lọ sí ẹ̀rọ?” Ó tọ̀nà. Ìdí nìyẹn tá a fi mú ọjọ́ méjì péré, tá a sì ń tú ká ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí ọjà alẹ́ tó gbóná. Bí ọmọbìnrin bá pọn àbúrò wá, ẹ gbà á; àwọn àbúrò ló ń bá wa ṣa bọ́ọ̀lù.

Ó wá kan tábìlì, iṣẹ́ ọwọ́ mi. Tábìlì ìdíje jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án sí márùn-ún, púláíwúùdù sì jẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́rin. Ìgbéraga ni mo fi ṣe àkọ́kọ́: mo lẹ púláíwúùdù mọ́ra kó lè pé mẹ́sàn-án. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá bà lójú ibi tí mo lẹ̀ ló ń kú. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá, ẹ lo odindi púláíwúùdù kan, èyí tó nípọn tó 18 mìlímítà, kẹ́ ẹ gé e sí méjì lọ́gbọọgba. Ọmọ mẹ́rin lè gbé ìdajì kan lọ sẹ́yìn pátákó ìkọ̀wé. Kẹ́ ẹ tó sanwó púláíwúùdù, ẹ mú rúlà iléèwé, èyí tó jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù jábọ́ láti orí rúlà. Ó yẹ kó fò padà tó nǹkan bíi 23. Bí kò bá dé 20, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń tà á. Gíga tábìlì àgbà jẹ́ 76 sẹ̀ǹtímítà. Mo fi 68 ṣe tiwa, mo sì ń kan igi mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ bí àwọn ọmọ ṣe ń ga. Àwọn pálẹ́ẹ̀tì tí bébà fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn onítẹ̀wé ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ ọ̀hún. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya la nà sáàárín, gíga ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àwọn onítẹ̀wé yẹn náà ló ń fún wa ní àgékù bébà tá a fi ń kọ orúkọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, ẹ má fi ṣeré. Ẹ kọ nọ́ńbà òbí, ẹni tó ń wá mú ọmọ, àti àìsàn tó bá wà lára ẹ̀. Ọmọ méjì ló ní fòníkú-fọ̀láǹdìde lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n omi kì í jìnnà sí wọn, wọ́n sì ń jókòó nígbà tó bá wù wọ́n. Àgbàlagbà méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹnì kejì ò bá dé, a kì í ṣí géètì.

Ẹnì kan tó ń wá ìbò kó ẹ̀wù ogójì wá fún wa lọ́dún kejì, fọ́tò ẹ̀ wà láyà gbogbo wọn. A gbà á. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ẹgbẹ́ kejì ti wà nípàdé onílé, wọ́n ń béèrè ẹni tá à ń ṣe fún. A dá ẹ̀wù padà. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù là ń ní kó rà.

Bọ́ọ̀lù mẹ́fà là ń kó jáde, mẹ́fà la gbọ́dọ̀ kà kí géètì tó tì. Tó bá ku ọ̀kan, inú gọ́tà ẹ̀yìn kíláàsì ló wà. Ẹ wá igi gígùn kan, kẹ́ ẹ so ike mílíìkì mọ́ ọn lẹ́nu.