Ohun tó ń mú kí ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi máa fò

Kẹ̀kẹ́ oníjíà mẹ́wàá tí ẹ̀gbọ́n mi gbé fún mi kì í yọ mí lẹ́nu lójú pẹrẹsẹ. Àmọ́ kí n ṣáà ti forí lé Òkè Ìtasẹ̀, kí n wúwo mọ́ pẹ́dà, gbàgà! Ṣéènì á fò, orúnkún mi á sì gbá irin.

Wáyà jíà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo fà á le, mo tún dẹ̀ ẹ́, ọjọ́ méjì gbáko ló ṣòfò. Rúlà onírin tí mo yá lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì aránṣọ ló tú àṣírí. (“Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì kàn án o, Bọ̀dá!”) Ojú ṣéènì kan jẹ́ ààbọ̀ ínǹṣì, torí náà ojú 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 gééré. Tèmi fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì lé. Ó ti nà! Nínú fíríwíìlì, ìyẹn àkópọ̀ jíà eléyín tó wà ní wíìlì ẹ̀yìn, eyín èyí tí mo ń lò jù náà ti rí ṣóńṣó bí eyín ajá.

Mo ra méjèèjì. Ṣípánà lásán kò lè tú fíríwíìlì, oníkẹ̀kẹ́ kan ní Sábó ló bá mi tú u. Mo dá ìyókù ṣe nílé. Ṣéènì tuntun fẹ́ máa já sínú sípókù, mo bá yí síkúrù kékeré tí wọ́n kọ L sí, lára ẹ̀rọ ẹ̀yìn tó ń ti ṣéènì láti jíà kan sí òmíràn, díẹ̀ sápá ọ̀tún, ó sì jókòó.

Láàárọ̀ Sátidé, mo tún gun Òkè Ìtasẹ̀. Kò fò. Bíréèkì ẹ̀yìn ló kù tó ń han gooro.