Kí ẹ tó sọ pé bọ́ọ̀dù ti kú: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa tí a ń fi Python ṣeré

Bọ́ọ̀dù Pico (kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń fi Python darí) mẹ́ta ló wà nínú agolo mílíìkì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Ṣómólú. Mo kọ "ó ti kú" sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ agolo náà. Lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí n jáde, mo dà wọ́n sílẹ̀, mo tún wọn dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ò kú rárá. Ẹ̀kẹta kú lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á. Owó tí mo fi ra àrọ́pò wọn ní Computer Village n'Ikẹja, mi ò ní kà á síbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe dé inú agolo.

Èyí àkọ́kọ́, wáyà ló kó bá a. Púpọ̀ nínú wáyà USB tí à ń rà ní ẹ̀gbẹ́ títì fún fóònù, èyí tó ń gbé iná nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn wáyà méjì yòókù, tí kọ̀ǹpútà fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, wọn ò fi sí i. Bọ́ọ̀dù ń rí iná gbà, kọ̀ǹpútà ò sì mọ̀ pé ó wà láyé. Ẹ má ṣe pa Thonny (áàpù tí a fi ń kọ kóòdù sórí bọ́ọ̀dù) rẹ́ kí ẹ tún fi òmíràn sí i, ẹ má sì gba ọjà lọ. Ẹ fi wáyà náà so fóònù yín mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti gbà á láyè lórí fóònù, tí ẹ ò sì lè rí àwòrán inú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wáyà ṣájà lásán ni. Èyí tó dáa tí mo ní báyìí, mo ti so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì nítorí àwọn àbúrò mi.

Ibi tí wáyà bá ti dáa, ọ̀rọ̀ a kan bọ́tìnnì BOOTSEL. Pico tuntun kì í bá MicroPython (Python tí a ṣe fún bọ́ọ̀dù kékeré) wá látọjà, ẹ̀yin lẹ máa fi sí i. Ẹ tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ kí ẹ TÓ ki wáyà bọ̀ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ kan, RPI-RP2 (RP2350 bó bá jẹ́ Pico 2), á yọ lórí kọ̀ǹpútà bíi fúláàṣì. Ẹ ju fáìlì .uf2, èyí tí MicroPython wà nínú rẹ̀, sínú rẹ̀. Kíá ni fúláàṣì náà á pòórá, ibẹ̀ sì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń já. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Kí ẹ ṣáà ríi pé fáìlì bọ́ọ̀dù yín gan-an lẹ mú: ti Pico yàtọ̀ sí ti Pico W (èyí tó ní Wi-Fi), ti Pico 2 tó jáde lọ́dún 2024 sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì.

Nọ́ńbà ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù (àwọn pin tí à ń so wáyà mọ́) náà ń da àwọn ènìyàn láàmú. Pin(15) inú kóòdù, GP15 ló ń pè, ẹsẹ̀ ogún lórí bọ́ọ̀dù sì ni GP15 wà. Bí ẹ bá ń ka ẹsẹ̀ láti òkè tí ẹ dúró ní ẹ̀ẹ̀dógún, GP11 lẹ bá níbẹ̀ yẹn. Iná kékeré orí bọ́ọ̀dù pàápàá: Pin(25) ni lórí Pico, àmọ́ lórí Pico W, Pin("LED") lẹ máa kọ.

Ó wá kan èyí tí mo fọwọ́ ara mi pa.

Ìyá onílé wa ní táńkì omi lókè ilé. Bí wọ́n bá ti tan pọ́ńpù, tí wọ́n gbàgbé, omi á kún, á dà sórí aṣọ tí a sá. Mo ní màá ṣe ohun tí yóò máa ké bí omi bá ti fẹ́ẹ́ kún. Mo ra sẹ́ńsọ̀ HC-SR04, èyí tó ń fi ohùn tí etí wa ò lè gbọ́ ṣe ìwọ̀n bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Àwòrán tí mo tẹ̀ lé, Arduino UNO, bọ́ọ̀dù mìíràn, ni wọ́n yà á fún. Iná fóòtì 5 (5 V) ni UNO ń lò, sẹ́ńsọ̀ yẹn náà fóòtì 5 ló ń lò, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ Pico ò fẹ́ ju 3.3 lọ. Mo ki ẹsẹ̀ Echo, èyí tí sẹ́ńsọ̀ fi ń dáhùn, tààrà bọ Pico. Ó ṣiṣẹ́! Mo pe ìyá onílé wá wò ó, wọ́n gbàdúrà fún mi. Ohun tó ń tanni jẹ níbẹ̀ nìyẹn, nítorí kì í kú lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ẹsẹ̀ yẹn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, nígbà tó yá gbogbo bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí gbóná bí ààrò.

Resistor (ohun kékeré tó ń dín iná kù) méjì tí owó wọn ò tó ra búrẹ́dì ni ì bá gbà á sílẹ̀. Ẹ fi 1 kΩ sáàárín Echo àti ẹsẹ̀ Pico, ẹ wá fi 2 kΩ sáàárín ẹsẹ̀ Pico yẹn kan náà àti GND (ẹsẹ̀ òdo iná). Fóòtì 5 á sọ̀ kalẹ̀ di nǹkan bíi 3.3. ESP32, bọ́ọ̀dù mìíràn, náà ò fẹ́ ju 3.3 lọ, nítorí náà ẹ má rò pé ti Pico nìkan ni mò ń sọ. Àti pé bí iná sẹ́ńsọ̀ bá ti ibòmíràn wá, ẹ so GND méjèèjì pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ ni ẹ ó máa rí.

Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí bọ́ọ̀dù pa pọ́ńpù fúnra rẹ̀. Iná tó ń gbé pọ́ńpù, iná tó ń pànìyàn ni. Ẹ má fi ọwọ́ kan an nítorí pé ẹ ti mọ Python. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ iná ni kó bá yín fi rìléè (súwíìṣì tí bọ́ọ̀dù lè tàn tàbí pa) sí i. Tèmi kàn ń ké ni, ìyá onílé ló ń lọ pa pọ́ńpù wọn.

Ẹ̀kejì tí kò kú, ọ̀rọ̀ NEPA ló gbé e dé agolo. Bí ẹ bá fẹ́ kí kóòdù máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, orí bọ́ọ̀dù ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà, main.py sì ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe. Àmọ́ mo tún kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí kò bá rí Wi-Fi, kó machine.reset(), ìyẹn ni kó pa ara rẹ̀ kó tún jí. Iná dé, bọ́ọ̀dù ti jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ráútà ṣì ń nu ojú oorun. Kò rí Wi-Fi, ó pa ara rẹ̀, ó tún jí, ó tún pa ara rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e wá síwájú kọ̀ǹpútà, níbi tí ráútà ò sí, Thonny ò rí àyè dì í mú. Mo ní ó ti kú.

Oògùn rẹ̀: BOOTSEL, kí ẹ ju flash_nuke.uf2 sínú rẹ̀, á nu gbogbo rẹ̀ mọ́, kí ẹ wá fi MicroPython sí i padà. Láti ọjọ́ náà, time.sleep(5), ìyẹn ni kó sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ló máa ń wà lókè main.py mi, kí n lè ráyè tẹ Ctrl-C láti dá a dúró. Bí Wi-Fi ò bá sí, ó ń dúró, ó ń tún un gbìyànjú.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé aago rẹ̀ náà. Bí Thonny bá wà níbẹ̀, òun ló ń sọ àkókò fún Pico. Ẹ yọ wáyà, kí iná lọ kó dé, yóò ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021 ni. Ntptime, àfikún kan nínú MicroPython, á bá yín mú àkókò tòótọ́ wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n UTC (àkókò àgbáyé) ló ń mú wá. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 3600 kún un kó tó di ti Èkó.

Pip tí a fi ń gbé àfikún Python wá ò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, mip ni. Numpy, àfikún ìṣirò ńlá, ò lè wọlé. 264 KB péré ni ìrántí Pico àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi main.py yín ránṣẹ́ sí àwọn tó lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ yọ páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi kúrò nínú rẹ̀ ná. Ọjọ́ tí mo fi tèmi sórí WhatsApp àwa ọ̀dọ́ àdúgbò, dátà mi ò rí alẹ́.