Bí a ṣe ń fi àlàyé ẹnu wá àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà

Bí ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ kọ bá ń ṣiṣẹ́ tí èsì rẹ̀ kò sì tọ̀nà, tí ẹ ti wò ó títí tí ó fi sú yín, ẹ pe ẹnìkan jókòó, kí ẹ sì máa ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan sí i létí. Kò pọn dandan kí onítọ̀hún mọ iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gan-an ni èmi fẹ́ràn jù, nítorí pé akẹgbẹ́ wa a máa fi ìmọ̀ tirẹ̀ dí ibi tí àlàyé wa bá ti lu ihò, a ó sì jọ gba orí àṣìṣe náà kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ètò náà ṣe àti ohun tí ó ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ má sì fo ọ̀kankan, pàápàá èyí tí ó dá yín lójú. Ohun tí ìlà náà wí ni kí ẹ wí, kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ ń kọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti le.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní kí n kọ ètò tí yóò máa ṣírò àjọ wọn. Èèyàn 12 ni wọ́n, 2,000 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n 22,000 ni ètò mi ń pè dípò 24,000. Lẹ́yìn òru méjì, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé bí ó ti ń fi kóńgò wọn gàrí: “Àǹtí, ìlà yìí, range(1, 12), ló ń ka àwọn èèyàn yín láti 1 dé 12.” Ó gbé kóńgò dúró. “Owó ẹnì kan ṣoṣo ló dín. Ta ni kò kà?” Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Python, èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ètò náà, kì í ka nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn nínú range, síbẹ̀ ẹnu mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó kà á. Mo sọ 12 di 13, owó sì pé.

Nítorí náà, bí olùgbọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ má sọ pé ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Bí kò bá sí ẹni tí ó ráyè, àwọn kan a máa bá pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà orí tábìlì wọn sọ̀rọ̀. Èyí náà dára, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ pé ẹ sọ ọ́ síta. Ibi tí ẹnu yín bá ti ń kọ́lọlọ, tàbí tí ẹ bá ti sọ pé “ó ṣáà ń ṣe é”, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ fi print, àṣẹ tí ń gbé iye jáde sójú kọ̀ǹpútà, wo iye tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́ kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.