Ìsinmi Ẹlẹ́sẹ̀ ní Jámánì: Bí Ará Abẹ́òkúta Ṣe Lè Rin Westweg

Ọ̀pọ̀ nínú wa, tá a bá ti gba físà Jámánì, Frankfurt àti Berlin la máa ń sáré lọ, ká ya fọ́tò, ká ra ọjà, ká padà sílé. Kò burú. Àmọ́ adùn Jámánì tó wọ̀ mí lára jù, inú igbó àti abúlé ló wà: kéèyàn gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn láàárọ̀, kó fẹsẹ̀ rìn láti abúlé kan dé òmíràn, kó sùn síbẹ̀, kílẹ̀ mọ́ kó tún máa lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ò ka irú ìrìn yìí sí ìyà rárá, àtọmọdé àtàgbà ló ń rìn ín, ìsinmi gidi ni lójú wọn.

Ọ̀nà tí mo máa ní kẹ́ẹ mú ni Westweg, inú Schwarzwald, igbó ńlá orí òkè tó wà níhà gúúsù Jámánì lọ́hùn-ún. Pforzheim ló ti bẹ̀rẹ̀, Basel ní Switzerland ló parí sí, kìlómítà 285 ni gbogbo ẹ̀, ó ju àlọ àtàbọ̀ Abẹ́òkúta sí Èkó lọ. Ẹgbẹ́ Schwarzwaldverein, tó ti wà láti 1864, ló la ọ̀nà yìí lọ́dún 1900, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó ló sì ń tún àmì ojú ọ̀nà ṣe títí dòní. Àmì yẹn ni dáyámọ́ńdì pupa lórí funfun, ara igi àti ara òpó lẹ ó ti máa rí i. Tẹ́ẹ bá rìn títí tẹ́ẹ ò rí i mọ́, ẹ padà síbi tẹ́ẹ ti rí i kẹ́yìn, ẹ má sọ pé ọ̀nà á ṣáà já síbì kan níwájú.

Ẹ má fòyà torí òkè o. Ọmọ Abẹ́òkúta kì í bẹ̀rù òkè, abẹ́ Olúmọ la dàgbà sí. Oṣù méjì sí mẹ́ta kẹ́ẹ tó lọ, ẹ máa jí rìn lówùúrọ̀, láti Pánṣẹ́kẹ sí Òkè-Ìlewò, kẹ́ẹ gba Kútọ̀ lọ sí Ìtòkú, kẹ́ẹ wá gun Olúmọ kẹ́ẹ sì sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o, ẹ tún un gùn. Orúnkún kì í sábà pariwo nígbà téèyàn ń gòkè, ìgbà tó bá ń sọ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀. Bàtà tẹ́ẹ máa wọ̀ lọ sí Jámánì ni kẹ́ẹ fi rìn, kódà kó jẹ́ òkìríkà lẹ ti rà á, tó bá ti bo ọrùn ẹsẹ̀ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì ń di ilẹ̀ mú, ó dáa. Bàtà tuntun tẹ́ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú páálí lójú ọ̀nà á jẹ yín lẹ́sẹ̀, ìrìn yẹn á sì korò.

Ẹrù ńkọ́? Kó má pọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì òjò ṣe pàtàkì ju aṣọ tó rẹwà lọ, torí òjò lè rọ̀ nígbàkigbà, òtútù sì wà lórí òkè kódà nígbà ooru. Ẹ fi àdìrẹ kan sí i, ó wúlò lọ́rùn, ó wúlò fún ìnura. Ẹ má di kìlíṣí tàbí ẹran gbígbẹ kankan sínú ẹrù, wọn ò gbà kéèyàn kó ẹran àti wàrà láti ìta wọ Yúróòpù, wọ́n á gbà á. Tí báàgì bá wúwo jù fún yín, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ lè bá yín ṣètò kí mọ́tò gbé e ṣáájú yín lọ síbi tẹ́ẹ máa sùn, ẹ sanwó ẹ̀ kẹ́ẹ máa rìn fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn tó ń sáré máa ń fi bíi ọjọ́ 12 tàbí 13 parí ẹ̀. Èmi ò rọ̀ yín bẹ́ẹ̀. Kìlómítà 15 lójúmọ́ ti tó, torí kí lẹ ń sáré lọ mú? Lóṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á fi kọjá, ojúmọ́ gùn, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé sójú ọ̀nà, ẹ gbọ́ ẹyẹ, ẹ jẹ búrẹ́dì yín. Ilẹ̀ igbó yẹn rọ̀ bíi tìmùtìmù nítorí ewé igi tó ti ń jábọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí hóònù ọ̀kadà, ẹ lè gbọ́ èémí ara yín. Ẹ dé Mummelsee, adágún kan tí wọ́n ti ń pìtàn àwọn obìnrin inú omi àti ọba wọn láti ayébáyé, omi yẹn ò ní ya ẹni tó bá dàgbà létí Odò Ògùn tó gbọ́ ìtàn Yemọja lẹ́nu. Ẹ tún dé Feldberg, mítà 1,493, òun ló ga jù nínú gbogbo Schwarzwald, tójú ọ̀run bá mọ́ ẹ ó máa wo òkè Alps tí yìnyín bò lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò rí ohun tó tó o lójú mi.

Ẹ máa kí èèyàn lójú ọ̀nà, wọ́n ń kíra wọn níbẹ̀, ẹni tẹ́ẹ ò mọ̀ rí á kí yín. Iná oúnjẹ máa ń tètè kú láwọn abúlé, ẹ má pẹ́ dé. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ gan-an, ẹ bèèrè kẹ́ẹ tó jẹun, ẹ bèèrè Forelle, ẹja odò wọn ni, ó dùn. Kéèkì Schwarzwald tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, ọtí wà nínú ẹ̀. Sátidé ni kẹ́ẹ ti ra nǹkan sílẹ̀ torí ṣọ́ọ̀bù ò ń ṣí lọ́jọ́ Sunday, kẹ́ẹ sì ní owó lọ́wọ́, àwọn ilé àlejò kéékèèké kan ò gba káàdì. Omi ẹ̀rọ abúlé tí wọ́n bá kọ Trinkwasser sí lára ṣeé mu, tí wọ́n bá kọ Kein síwájú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Eégbọn wà nínú koríko, àrùn sì lè wà lára ẹ̀, torí náà ṣòkòtò gígùn ni kẹ́ẹ wọ̀, kẹ́ẹ yẹ ara yín wò lálaalẹ́, tẹ́ẹ bá rí i kẹ́ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà á jáde látìdí. Tí nǹkan bá le, 112 ni kẹ́ẹ pè, ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ló máa gbé yín dé Basel náà, Switzerland wà nínú ẹ̀. €90 ni owó ẹ̀ fún àgbàlagbà, inṣọ́ránsì tó máa bò yín gbọ́dọ̀ tó €30,000. Ẹ kọ orúkọ abúlé tẹ́ẹ máa sùn sí lójoojúmọ́, kẹ́ẹ fi ìwé hòtẹ́ẹ̀lì tì í lẹ́yìn, kí wọ́n lè rí ìrìn yín kedere. Wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, ẹni tó bá fẹ́ lọ lóṣù kẹfà, kó ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní.